Àkọ̀ Vihtori

Alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ ju Aukusti Hakola lọ lè wà ní ìhà Kauhava tiwa yìí o, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, àmọ́ èmi kò tíì rí i. Ọ̀bẹ tí ọkùnrin yẹn bá rọ, bí o bá fi gbẹ́ igi láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, ó ṣì máa fá irùngbọ̀n rẹ. Èkù tó bá fi sí i á bá ọwọ́ mu bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. Àkọ̀ awọ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àkọ̀ ló kó bá a.

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọdún kẹfà lẹ́yìn ogun. Kò gbéyàwó rí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fiina, ni wọ́n jọ ń gbé nílé bàbá wọn, Fiina tí ẹnu rẹ̀ mú ju gbogbo ọ̀bẹ tó wà nínú àgbẹ̀dẹ lọ. Opó ni Fiina. Ó máa ń sọ pé ọkọ òun kú nítorí pé ó fẹ́ sinmi, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i kí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan lóṣù Kẹta, òjò dídì ṣì ga dé orókùn lẹ́bàá ọ̀nà, ni Saimi Latvala wọ àgbẹ̀dẹ wá. Ìyàwó Vihtori ni gbogbo wa ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ Vihtori kò bọ̀ láti ojú ogun. Wọ́n gbé òkú àwọn ẹlòmíràn wálé, wọ́n sin wọ́n sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe yẹ. Ti Vihtori, wọn kò rí i. Orúkọ ni wọ́n kọ sára òkúta, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ òkúta náà. Saimi kò bímọ fún un. Màlúù mẹ́ta ló ní, àti ilé pupa kékeré kan létí oko.

"Alágbẹ̀dẹ, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Saimi! Káàbọ̀. Sún mọ́ iná jàre, òtútù yìí kì í ṣeré."

Saimi bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kó ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, ó sì yọ gèlè kékeré kan tó fi di nǹkan. Ó tú u. Àkọ̀ ọ̀bẹ ni, awọ dúdú tó ti pọ́n létí, òfìfo.

"Ti Vihtori ni," ó wí. "Awọ rẹ̀ ń gbẹ, ó ti fẹ́ máa là níbí yìí. Mo ní kí ẹ bá mi fi ọ̀rá pa á, kó má baà fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ọ̀rá nìkan?"

"Ọ̀rá nìkan ni. Kí ló tún kù láti ṣe sí i? Kò kúkú sí ọ̀bẹ nínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín. Aukusti gba àkọ̀ náà. Ó mọ ìtàn rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Vihtori wálé kẹ́yìn fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá, ojú rírán àkọ̀ náà já. Ó ní kí Saimi bá òun rán an, òun á wá mú un nígbà mìíràn. Ó fi aṣọ wé ọ̀bẹ, ó tì í bọ àpò, ó lọ. Saimi rán àkọ̀ náà láàárín alẹ́ méjì, ó fi ìda oyin pa okùn kó lè pẹ́. Ó kúkú pẹ́. Vihtori ni kò wá mú un.

Fiina ti gbé kọfí wá kí Saimi tó jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ màlúù, wọ́n sọ̀rọ̀ òtútù, wọ́n sọ̀rọ̀ pásítọ̀ tuntun tí ìwàásù rẹ̀ gùn ju ìgbà òtútù lọ. Nígbà tí Saimi lọ tán, Fiina kó ife jọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti lọ. O lè pa ẹnu rẹ dé báyìí."

"Kí lẹ tún rí, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo rí àgbà ọkùnrin tó da kọfí sí ṣòkòtò tí kò mọ̀. Ọdún mélòó lo fẹ́ fi máa wò ó báyìí? Jẹ́ kí n lọ bá ọ sọ ọ́. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Màá sọ ọ́ fúnra mi."

"Nígbà wo? Lójú oorun?"

Aukusti yíjú padà sídìí iná. Ó ti wo àkọ̀ náà, èrò kan sì ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ẹ ṣáà mọ àṣà àtijọ́ wa. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ọmọbìnrin tó bá ti tó ilé ọkọ á so àkọ̀ òfìfo mọ́ ìgbànú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rọra ti ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀ náà. Bí ọmọbìnrin náà bá dá ọ̀bẹ padà kí ọjọ́ ìsinmi kejì tó pé, ó parí nìyẹn, kí oníkálukú máa lọ. Bí kò bá dá a padà, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí. Bí bàbá Aukusti ṣe fẹ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Àṣà náà ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lè la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú obìnrin, tó sì jẹ́ pé ọ̀bẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe láyé, kí lẹ rò pé ó máa wá sí i lọ́kàn?

Ó ní òun á rọ ọ̀bẹ tuntun sínú àkọ̀ náà. Saimi á bá ọ̀bẹ nínú rẹ̀, á sì mọ ohun tí òun ń sọ láìjẹ́ pé òun sọ ọ́.

Ní ti irin, ó rọrùn. Aukusti fúnra rẹ̀ ló rọ irin ọ̀bẹ Vihtori ṣáájú ogun, ó mọ gígùn rẹ̀, ó mọ fífẹ̀ rẹ̀. Èkù ni kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Vihtori ra irin, ó lọ gbẹ́ èkù fúnra rẹ̀ nílé. Aukusti mú igi koivu oníkókó kan, igi eléèpo funfun inú igbó wa, tó ti ń gbẹ lókè àjà láti ọdún mẹ́sàn-án, igi tó kọ̀ láti tà fún ẹni tó wá láti Helsinki, ó gbẹ́ ẹ, ó fi yanrìn pa á, ó fi òróró kùn ún lẹ́ẹ̀meje, títí àwọn ilà inú igi náà fi ń dán bí oyin nínú ìgò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló lò lórí ọ̀bẹ kan. Kò ṣe irú rẹ̀ rí, kò sì tún ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ó ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀. Kò wọlé.

Irin wọlé, èkù kọ̀. Àkọ̀ tiwa kì í ṣe àpò tí ọ̀bẹ èyíkéyìí lè wọ̀. Tútù la máa ń rán an mọ́ ara ọ̀bẹ, ara ọ̀bẹ ló sì ń gbẹ sí, ó ń gbé ìdajì èkù mì, ó sì ń gba ìrísí gbogbo ara rẹ̀. Àkọ̀ kan, ọ̀bẹ kan. Aukusti mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ó yí àkọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì lójú fèrèsé, ó sì rí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítòsí ẹnu, awọ náà wú gọngọ bí ibi tí oyin ta èèyàn, ẹ̀yìn ibi tó wú náà sì jìn wọlé díẹ̀.

Àbùkù, ó wí lọ́kàn rẹ̀. Ìṣó tí wọ́n fi í kọ́ ara ògiri ló ṣe é. Tàbí omi wọ̀ ọ́ nígbà kan, wọn kò gbẹ ẹ́ dáadáa.

Ó wá ṣe ohun tí oníṣẹ́ awọ tó bá mọ iṣẹ́ máa ṣe. Ó rẹ àkọ̀ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ó fi bébà oníìda wé ọ̀bẹ tuntun, ó ti í bọ inú rẹ̀, wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ bá a jà. Ó mú egungun tó fi ń tẹ awọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó wú, ó ṣe sùúrù. Ó ra á, ó ra á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ibẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, títí gbogbo ara àkọ̀ náà fi jọ̀lọ̀. Ó gbé e síbi tí iná kò dé, ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kó lè gbẹ láìsáré. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀rá pa á. Ó rántí ọ̀rá.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Obìnrin ní kí o fi ọ̀rá pa á, fi ọ̀rá pa á kí o gbé e fún un! Kí ló kàn ọ́ kàn omi? Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Orin ni ọkùnrin náà ń kọ lẹ́nu iṣẹ́, Aukusti tí a kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Ó di ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó wọ ẹ̀wù dúdú rẹ̀, ó gba ilé Saimi lọ. Fiina dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Olúwa, jọ̀ọ́," ó sì lọ wá nǹkan fọ̀.

Inú Saimi dùn láti rí i. Ó nu àga fún un, ó gbé omi kọfí kaná. Aukusti kó ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, ó gbé àkọ̀ náà sórí tábìlì pẹ̀lú ọ̀bẹ nínú rẹ̀. Igi koivu náà ń dán. Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé etí.

"Kí lèyí?" Saimi wí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀bẹ kẹ̀? Alágbẹ̀dẹ, ta ló ní kí ẹ..."

Ó mú un lórí tábìlì. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu àkọ̀ náà. Ó yọ̀. Ó padà, ó tún yọ̀. Aukusti rí i tí ìka náà ń lọ tó ń bọ̀ lára awọ bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ẹ̀rín kúrò lójú Saimi.

"Ibo ló wà?"

"Kí ni?"

"Ibi ìka rẹ̀. Ó wà níbí. Ibí yìí ló wà, ó wú, èyí tó jìn wọlé sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ibo lẹ gbé e sí?"

Aukusti di etí tábìlì mú. "Mo... mo tẹ̀ ẹ́ wọlé ni. Mo rẹ awọ. Mo rò pé àbùkù ni."

"Àbùkù ni," Saimi wí. "Àbùkù ọkọ mi ni. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlagi gé ìka ẹ̀ ni? Gbogbo ìlú ló mọ̀!"

Ìgbà yẹn ló tó rántí. Ó rántí Vihtori bó ṣe wá pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ nínú àgbẹ̀dẹ, lọ́dún tó ṣáájú ogun. Èkù náà wúrúwùru, kókó kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìka gígé tó kù náà lè rí ibi sinmi lé. Aukusti ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Vihtori, ṣé ọ̀bẹ lo gbẹ́ ni àbí ọ̀dùnkún?" Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ọ̀bẹ ara rẹ̀ nìkan ló wà lójú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

"Ọdún mẹ́fà," Saimi wí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún Aukusti. "Láràárọ̀, kí n tó lọ fún wàrà, màá gbé ìka mi síbẹ̀. Ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ti ń ṣá. Ohùn rẹ̀, n kò rántí mọ́, mo máa ń purọ́ fáwọn èèyàn pé mo rántí. Ibẹ̀ yẹn ló kù. Ibẹ̀ yẹn, kò sí irọ́ nínú ẹ̀, mo mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dànù."

"Saimi, jọ̀ọ́..."

"Ẹ máa lọ sílé, alágbẹ̀dẹ."

Omi kọfí ti ń hó, ó ń dà sórí iná. Kò sẹ́ni tó gbé e sọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí Aukusti sọ ọ́ fún Fiina, Fiina jókòó lé àpótí igi ìdáná. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ara rẹ lo ṣe, àbúrò mi." Ó fà á mọ́ra. Wọn kì í ṣe èèyàn tó máa ń dì mọ́ra, ojú ti àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí ni pé Saimi kò dá ọ̀bẹ padà. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́ ni. Ó fi í sílẹ̀ lórí àtẹ ara ògiri, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ra wàrà rí i níbẹ̀, ọ̀bẹ Aukusti nínú àkọ̀ Vihtori, ọjọ́ ìsinmi kejì sì ti kọjá. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Àwọn àgbààgbà tó rántí àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ Aukusti lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ọkọ ìyàwó! Ó tó àsìkò, ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù!" Aukusti á dorí kodò, wọ́n á ní ojú ló ń tì í. Ó ń tì í lóòótọ́.

Oṣù Kẹrin ti fẹ́ parí kó tó tún lè dé ẹnu ọ̀nà Saimi. Ìta ló dúró, fìlà lọ́wọ́.

"N kò wá tọrọ àforíjì," ó wí. "Kò tíì kàn mí láti tọrọ ẹ̀. Awọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Awọ kò kú, Saimi. Bí mo bá rí èkù tó rí bíi ti Vihtori gẹ́lẹ́, mo lè tún rẹ àkọ̀ náà, kó gbẹ sára rẹ̀, kó tún wú bó ṣe wú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí èkù náà ṣe rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ìka rẹ ló mọ̀ ọ́n."

Saimi wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ gbẹ́ ẹ wá," ó wí níkẹyìn.

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn, kí wọ́n tó dá iná sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, Aukusti á gbé èkù igi tuntun wá. Saimi á nu ọwọ́ rẹ̀ nù, á jókòó, á pa ojú dé, á sì gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

"Ó ga jù."

Ọ̀sẹ̀ kejì: "Ó súnwọ̀n díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó jìn wọlé yẹn, kò mú báyìí. Ó rọra lọ ni."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, kẹrin. Ó wà lókè jù. Ó gùn jù. Aukusti á fi lẹ́ẹ̀dì sàmì síbi tó bá sọ, á gbé e lọ sílé, á gbẹ́ òmíràn. Ó pa iṣẹ́ àwọn oníbàárà tì. Fiina ń bá wọn purọ́ pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Nígbà tó fi di àsìkò tí wọ́n ń gé koríko màlúù, Saimi ti ń gbé kọfí kaná kó tó dé. Ọjọ́ kan ó sọ fún un pé inú sáúnà ni Vihtori ti gbẹ́ èkù náà, ó gé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń bú igi náà bí ẹni pé igi ló ní ọ̀bẹ lọ́wọ́. Aukusti wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún tó sọ sí Vihtori. Saimi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀dùnkún náà ni lóòótọ́! Ẹ ò parọ́!" Lọ́jọ́ yẹn Aukusti rìn lọ sílé láìmọ̀ pé òjò ń pa òun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Kì í ṣe àkọ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́, ó ti tún ń ronú nípa Saimi, ó ń ronú pé bóyá, bóyá, bí òun bá lè dá ohun tí òun bà jẹ́ yìí padà fún un, ọ̀rọ̀ mìíràn lè tẹ̀lé e. Kò sí èèwọ̀ nínú kí èèyàn nírètí.

Èkù kejìlá, Saimi ní, "Ó kù díẹ̀." Èkù kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ní, "Ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kó kéré bí irun orí kan." Ọ̀bẹ tó kéré jù lọ ni Aukusti fi gbẹ́ ìkẹrìndínlógún.

Ọjọ́ tó gbé ìkọkàndínlógún wá, oṣù Kẹsàn-án ti dé, wọ́n ti ń wa ọ̀dùnkún, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà léékánná Saimi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó jókòó, ó pa ojú dé, ó gbé ìka sí i. Ó pẹ́. Aukusti sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ fún mi ní tọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Aukusti yọ ọ́ láti inú àpò, nítorí ó máa ń kó gbogbo wọn dání. Saimi mú un, ó gbé ìka sí i.

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀."

Ó gba ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó da gbogbo wọn sórí tábìlì. Èkù mọ́kàndínlógún tò sílẹ̀, funfun, àwọn kan ti ń pọ́n. Saimi bẹ̀rẹ̀ láti ìparí kan, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ ń fara balẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó ti ń kánjú. Ó padà sí àkọ́kọ́. Ó tún mú ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó fi í lélẹ̀, ó tún mú un.

"Saimi? Ṣé kò sí nínú wọn ni?"

Saimi ti ìkẹẹ̀ẹ́dógún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kò burú. Mo ṣì ní igi. Sọ ibi tó kù sí fún mi, màá gbẹ́ òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ó ga ni?"

"N kò mọ̀."

"Ṣé ó jìn jù ni?"

"N kò mọ̀, Aukusti." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi orúkọ pè é dípò alágbẹ̀dẹ. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ funfun báláú. "Gbogbo wọn ló jọ ọ́. Kò sí ìkankan tó jọ ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ gbé tàkọ́kọ́ wá, mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Báyìí, bí mo bá pa ojú dé tí mo ní kí n rántí ti Vihtori, èyí tẹ́ ẹ gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń wá. Mo tì í sẹ́yìn, tọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn á wá. Tiyín ni gbogbo wọn." Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè láàárín àwọn méjèèjì, ó ń wò ó. "Ìka yìí ti gbàgbé. Ìgbà tẹ́ ẹ ba àkọ̀ jẹ́, ó ṣì wà níbí. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa gbé wọn wá."

Aukusti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Ó fi fìlà bo ojú, àgbà ọkùnrin, èjìká rẹ̀ ń mì. Saimi kò lé e jáde. Ó tilẹ̀ fọwọ́ lé e léjìká fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé obìnrin tó níwà ni. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kó àwọn èkù náà padà sínú àpò, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọra gbá wọn láti etí tábìlì, kò sì jẹ́ kí ìka rẹ̀ kan èyíkéyìí nínú wọn.